Íńtánẹ́ẹ̀tì Ilé Yín Ń Wọ́? Ẹ Wá Ibi Tó Ti Há Kẹ́ ẹ Tó Ra Ráútà Tuntun

Bí fídíò bá ń yí bírí-bírí tí kò ṣí, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á pa ráútà, wọ́n á tún un tàn, wọ́n á wá máa ṣépè fún ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà. Pípa-títàn yẹn a máa ṣiṣẹ́ nígbà míì, ó tiẹ̀ lè gbé e fún wákàtí mélòó kan, àmọ́ kì í sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti há. Ọ̀nà mẹ́ta ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà kó tó dé ọwọ́ yín: láti fóònù tàbí kọ̀ǹpútà dé ráútà, láti ráútà dé òpó nẹ́tíwọọ̀kì àdúgbò, láti òpó yẹn dé gbogbo ayé tó kù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè há, oògùn ọ̀kan kì í sì í wo èkejì. Ẹni tó ra ráútà olówó gọbọi nígbà tó jẹ́ pé èrò ló pọ̀ jù lórí òpó, owó rẹ̀ bómi lọ nìyẹn.

Ilé tó ń lo ráútà onísíìmù, yálà 4G tàbí 5G, la fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, torí irú rẹ̀ ló wọ́pọ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn dé Òṣogbo. Àwọn tó ń lo fáíbà ní apá tiwọn nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Wi-Fi kan gbogbo wa.

Ẹ wọ̀n ọ́n ná

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan tó ń dá ìjà sílẹ̀ láìnídìí. Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí wọ́n kọ sára páálí ráútà kì í ṣe MB (mẹ́gábáìtì) tí ẹ ń rí nígbà tí fáìlì bá ń wọlé. Bíìtì 8 ló wà nínú báìtì 1. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ 20 Mbps, MB 2.5 péré ló lè wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá rí 2.5 lórí kọ̀ǹpútà tó wá ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, ìṣirò ló ṣì.

Ẹ tún mọ iye tẹ́ ẹ nílò. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé 3 Mbps tó fún fídíò 720p, 5 Mbps fún 1080p, 15 Mbps fún 4K. Bẹ́ ẹ bá ń rí 12 Mbps tí èèyàn méjì sì ń wo fíìmù tí kò ju 1080p lọ, kò sóhun tó ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì yín. Nǹkan mìíràn ló ń jẹ ẹ́.

Ibi tẹ́ ẹ ó ti wọ̀n ọ́n ni fast.com tàbí speedtest.net. Ẹ jókòó sí mítà kan sí méjì sí ráútà, ẹ yọ gbogbo fóònù àti tẹlifíṣọ̀n tó kù kúrò lórí Wi-Fi, ẹ pa VPN (ápù tó ń darí íńtánẹ́ẹ̀tì yín gba ibòmíràn) bó bá wà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kẹ́ ẹ mú èyí tó wà láàárín. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ṣe pàtàkì: ti dáńlóòdù, ti ọ́plóòdù, àti ping, ìyẹn àkókò tí ìbéèrè yín fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Lórí fast.com, ẹ tẹ "Show more info" kí ọ́plóòdù àti ping tó lè hàn. "Latency" ni wọ́n ń pe ping níbẹ̀, ẹ ó sì rí méjì: èyí tó wà nígbà tí nǹkan kan ò lọ lórí rẹ̀ ("Unloaded"), àti èyí tó wà nígbà tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ ("Loaded"). Bí èkíní bá jẹ́ 40 tí èkejì wá fò dé 600, ẹ máa rántí rẹ̀ tá a bá dé ọ̀rọ̀ ọ́plóòdù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé fóònù kan náà lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ráhùn, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ẹ ṣe é ní aago mẹ́fà àárọ̀, ní aago méjì ọ̀sán, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé kékeré yẹn ló máa sọ ohun tó kù:

– 32 Mbps lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, 4 ní yàrá ẹ̀yìn: Wi-Fi inú ilé ni.
– 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, 3 ní yàrá ẹ̀yìn, láàárọ̀ àti lálẹ́: ibi tí ráútà wà ni, tàbí síìmù, tàbí dátà.
– 30 láàárọ̀, 3 ní aago mẹ́sàn-án alẹ́: èrò ti pọ̀ jù lórí òpó.
– Fóònù ń sáré, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń wọ́: ẹ fi ráútà sílẹ̀, kọ̀ǹpútà yẹn ni kẹ́ ẹ mú.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo ibi ló ti ń wọ́ tí kò sì ju 1 Mbps lọ láti ọjọ́ kan pàtó, ẹ tẹ *323# lórí síìmù náà kẹ́ ẹ wo dátà tó kù. Èyí tí wọ́n ń pè ní "unlimited" sábà máa ń ní ìwọ̀n kan. Bẹ́ ẹ bá ti lò ó kọjá ibẹ̀, wọ́n á fa ìjánu rẹ̀ títí oṣù tuntun. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn, ṣùgbọ́n lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́.

Wi-Fi ni àbí òpó ni? Ping á sọ

Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí cmd (Command Prompt, ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ), ẹ kọ ipconfig, kẹ́ ẹ wá "Default Gateway". Àdírẹ́sì ráútà yín nìyẹn. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1. Ẹ wá kọ:

ping -n 50 192.168.8.1

Ẹ fi àdírẹ́sì tiyín rọ́pò èyí. Bí èsì bá ń jẹ́ 1 sí 5 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) látòkè délẹ̀, Wi-Fi yín dá ṣáṣá. Bó bá ń fò láti 3 lọ sí 180, tó tún ń kọ "Request timed out" láàárín, inú ilé ni ìṣòro wà, ẹ má tíì pe ilé iṣẹ́ kankan. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ping -n 50 8.8.8.8. Bí ti àkọ́kọ́ bá mọ́ tí èyí sì dàrú, ẹ̀yìn ráútà ni ọ̀rọ̀ wà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ó sì ń gba owó tó pọ̀ là lọ́wọ́ àṣìná.

Bó bá jẹ́ Wi-Fi

Ráútà tòní ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbì méjì: 2.4 GHz àti 5 GHz. Èyí àkọ́kọ́ máa ń la ògiri kọjá, ṣùgbọ́n kò yára, gbogbo àdúgbò ló sì wà lórí rẹ̀. Èkejì yára gan-an, àmọ́ ògiri bùlọ́ọ̀kù méjì ti tó láti pa á. Ẹ lo 5 GHz nínú pálọ̀ tí ráútà wà, kẹ́ ẹ fi 2.4 sílẹ̀ fún yàrá ẹ̀yìn. Orúkọ Wi-Fi tó bá parí sí "_5G" kò túmọ̀ sí pé ẹ wà lórí nẹ́tíwọọ̀kì 5G o. 5 GHz ni "5G" yẹn ń sọ. Síìmù tó wà nínú ráútà lè máa wọ́ lórí 3G nígbà náà.

Nínú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, ẹ ó rí orúkọ Wi-Fi mẹ́wàá, márùndínlógún. Ẹ gbé ápù tó ń yẹ Wi-Fi wò sórí fóònù Android, kẹ́ ẹ wo ibi tí àwọn aládùúgbò kóra jọ sí. Lórí 2.4 GHz, ọ̀nà ("channel") 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun ara wọn. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ sórí 3 ń da ti ẹni tó wà lórí 1 rú, ó ń da ti ẹni tó wà lórí 6 rú, tirẹ̀ náà ò sì ní dúró ire. Ẹ wọ inú ráútà, ẹ mú èyí tí aládùúgbò ò pọ̀ lórí rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sì fi fífẹ̀ rẹ̀ sí 20 MHz. 40 MHz dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n níbi tí èrò pọ̀ sí, ariwo ló ń kó wọlé.

Níbi tẹ́ ẹ wà yẹn náà, ẹ wo irú ààbò tó wà lórí Wi-Fi. Bẹ́ ẹ bá rí WEP tàbí TKIP, ẹ yí i sí WPA2 pẹ̀lú AES, tàbí WPA3. Kì í ṣe torí olè nìkan: bó ti wù kí ráútà lágbára tó, WEP àti TKIP kì í jẹ́ kí Wi-Fi kọjá 54 Mbps. Ẹ pa WPS (èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọlé láìkọ páásìwọ́ọ̀dù), ẹ yí páásìwọ́ọ̀dù padà. Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé ọmọ ará ilé kejì tí wọ́n fún ní páásìwọ́ọ̀dù lọ́dún Kérésì, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, ló ṣì ń fi í wo bọ́ọ̀lù títí dòní.

Ní ti ibi tí ráútà wà: ẹ má gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ má gbé e sórí fíríìjì, ẹ má gbé e sítòsí tánkì omi. Irin ń ta ìgbì padà, omi ń mu ún. Máíkírówéèfù ń ṣiṣẹ́ nítòsí 2.45 GHz; bí Wi-Fi bá ń kú ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ kaná, ẹ ti mọ ẹni tó ṣe é.

Ibi tí ráútà onísíìmù fẹ́ wà

Ibí yìí ló le jù, òun náà ló sì lérè jù. Nǹkan méjì tí kò bára mu ni ráútà yìí ń fẹ́: kí Wi-Fi lè kárí ilé, ó fẹ́ wà láàárín ilé; kó lè gbọ́ òpó dáadáa, ó fẹ́ wà lójú fèrèsé, níbi gíga. Bẹ́ ẹ bá ní láti yan ọ̀kan, ẹ yan fèrèsé. Ohun tí kò wọlé, kò sẹ́ni tó lè pín in kárí yàrá.

Ẹ kọ àdírẹ́sì ráútà sórí ìlà àdírẹ́sì nínú bíráúsà, ẹ wọlé pẹ̀lú páásìwọ́ọ̀dù tó wà lára sítíkà abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ojú ìwé tí wọ́n kọ "Device information" tàbí "Signal" sí. Ẹ ó rí RSRP àti SINR. RSRP ni bí ohùn òpó ṣe ròkè tó létí ráútà. Nọ́ńbà rẹ̀ ní àmì ìyọkúrò níwájú, nítorí náà èyí tó sún mọ́ òdo ló dáa: -80 dára púpọ̀, -95 ṣì ṣeé lò, -110 ń kú lọ. SINR ni bí ohùn yẹn ṣe dá yàtọ̀ sí ariwo òpó mìíràn. 20 dB lọ sókè dára gan-an, 13 sí 20 dára, 0 sí 13 ń fà á, bó bá sì ti lọ sábẹ́ òdo, ẹ má retí nǹkan kan.

Àmì tó wà lójú ráútà, àwọn ọ̀pá mẹ́rin tàbí márùn-ún yẹn, kò sọ ti ariwo. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi lè kún tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń wọ́.

Ẹ so ráútà mọ́ mini UPS (bátìrì kékeré tó ń gbé iná fún un) kó má bàa máa kú bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e kiri. Ẹ gbé e sójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan nínú ilé, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀ kí nọ́ńbà lè fìdí múlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ká ní fèrèsé pálọ̀ fún yín ní RSRP -88 àti SINR 3, tí fèrèsé ilé ìdáná sì fún yín ní -97 àti 14. Ti ilé ìdáná ni kẹ́ ẹ mú. Ohùn rẹ̀ kò ròkè tó ti pálọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé ráútà. Ti pálọ̀ dà bí ẹni tó ń pariwo sí yín láàárín ọjà: ẹ ń gbọ́ ohùn, ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti rí fèrèsé, ẹ yí ráútà sí ọ̀tún díẹ̀, ẹ wò ó, ẹ tún un yí. Ìyẹn nìkan lè fi dB mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún SINR. Irin adènà olè, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn onírin àti gíláàsì tí wọ́n lẹ nǹkan dídán mọ́ máa ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà fèrèsé tí ojú ẹ̀dá rí bí èyí tó kọjú sí òpó lè má jẹ́ òun ló dáa jù.

Yàrá ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ fa wáyà Cat5e láti ráútà lọ sí àárín ilé, ẹ so àfikún ráútà mọ́ ọn níbẹ̀ kó máa pín Wi-Fi. Wáyà náà lè gùn tó mítà 100. Ẹ yí àfikún náà sí "Access Point" nínú ètò rẹ̀, kó má bàa máa pín àdírẹ́sì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn àtagbà Wi-Fi tí wọ́n ń kì bọ iná lára ògiri rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìgbì kan náà ló fi ń gbọ́ tó fi ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí ìdajì ìyára ló máa gbé sọnù. Bẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, àárín ọ̀nà ni kẹ́ ẹ gbé e sí, níbi tí Wi-Fi ṣì ti lágbára. Inú yàrá tí Wi-Fi ti kú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé e sí, kí ló wá fẹ́ rí tà?

Bó bá jẹ́ alẹ́ nìkan ló ń wọ́, àyè rẹ̀ kò fẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Àwọn ráútà kan máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ yan ìgbì òpó fúnra yín. 800 MHz ń rìn jìnnà, ó ń la ògiri, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi rọ́ sórí rẹ̀. 1800 àti 2600 MHz ò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n sábà máa ń ní àyè jù. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kì í ṣe lọ́sàn-án. Síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn tẹ́ ẹ yá lò lálẹ́ ọjọ́ kan náà á tètè sọ bóyá òpó tiyín nìkan ló kún. Kìkì pé ráútà tí wọ́n dì mọ́ ilé iṣẹ́ kan ò ní gbà á.

Áńtẹ́nà ìta a máa ṣiṣẹ́ níbi tí òpó jìnnà sí. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ráútà bóyá ihò rẹ̀ wà níbẹ̀, TS-9 ni tàbí SMA. Wáyà méjì ló gbọ́dọ̀ ti inú áńtẹ́nà jáde, torí ẹnu méjì ni 4G fi ń sọ̀rọ̀. Kí wáyà kúrú: mítà 5 sàn ju 10 lọ, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn a máa jẹ gbogbo èrè tí áńtẹ́nà mú wá. Ẹ wọ inú ètò ráútà kẹ́ ẹ yí i sí áńtẹ́nà ìta. Àwọn mìíràn kì í dá a mọ̀ fúnra wọn.

Iná àti ooru

Ẹ yí ráútà dojú bolẹ̀ kẹ́ ẹ ka ohun tó ń fẹ́: 12V 1A, 12V 2A, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ṣájà àkọ́kọ́ bá ti jó tẹ́ ẹ wá fi 12V 0.5A rọ́pò rẹ̀, ráútà á tàn, iná rẹ̀ á dára lójú, àmọ́ á máa kú á máa jí nígbàkigbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Mini UPS tí wọ́n fi sí 9V náà ń ṣe irú rẹ̀. Amp tó ju ohun tí wọ́n kọ lọ kò léwu. Fólítì tó yàtọ̀ ló léwu. Bí ara rẹ̀ bá gbóná débi tí ọwọ́ ò gbà á, ẹ ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀, ẹ fẹ́ eruku ọyẹ́ kúrò nínú àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ta ló ń jẹ ẹ́?

Lórí ojú ìwé ráútà, ẹ wo iye ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn. Kámẹ́rà ìṣọ́lé tó ń gbé fídíò lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, Google Photos tó ń kó àwòrán òde ìgbéyàwó lọ, Windows Update: àwọn wọ̀nyí ò hàn sójú, ọ́plóòdù sì ni méjì àkọ́kọ́ ń jẹ. Ibí ni ping 600 wa ti wọlé. Gbogbo fáìlì tó ń wọlé ló ní láti máa rán èsì padà pé òun ti dé. Bí ọ̀nà àtilọ bá kún, èsì yẹn á tò sẹ́yìn, ẹni tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ á dúró, dáńlóòdù á wá fà sẹ́yìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà fún un.

Ẹ sún àwòrán fífi pamọ́ sí òru. Lórí Windows, ẹ fi Wi-Fi náà sí "Metered connection", kẹ́ ẹ pa "Delivery Optimization" tó wà lábẹ́ Windows Update, torí ó lè máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì yín rán ìmúdójúìwọ̀n sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Bí ráútà bá ní QoS (ètò tó ń pín ìyára fún àwọn ẹ̀rọ), ẹ fi ìwọ̀n ọ́plóòdù sí nǹkan bí 85 nínú 100 iye tẹ́ ẹ rí nígbà tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n.

DNS tí gbogbo ènìyàn ń sọ (èyí tó ń sọ orúkọ ojú ìwé di àdírẹ́sì), 1.1.1.1 tàbí 8.8.8.8, ó lè mú kí ojú ìwé tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kò lè sọ 3 Mbps di 30.

Ẹ̀yin tó ń lo fáíbà

Bí iná LOS lára ẹ̀rọ fáíbà bá pọ́n, ẹ má fọwọ́ kan ètò kankan. Ìmọ́lẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ yín ni. Ẹ wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà bóyá àga tẹ̀ ẹ́ tàbí ẹnìkan ká a kò débi tó ṣẹ́. Ẹ má wo ojú rẹ̀ tẹ́ ẹ bá yọ ọ́. Bí iná LOS ò bá pọ́n, ẹ wá "RX power" nínú ojú ìwé ẹ̀rọ náà: láti -8 dé nǹkan bí -25 dBm dára, bó bá ti ń sún mọ́ -28, ẹ pe wọ́n kí wọ́n wá nu ojú wáyà tàbí kí wọ́n tún un so.

Ẹni tó sanwó 300 Mbps tó wá ń rí 94 láìyẹsẹ̀, kó wo wáyà tó ti ráútà lọ sí kọ̀ǹpútà. Okùn 8 ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá já, á fà sẹ́yìn sí 100 Mbps. Ẹ pààrọ̀ wáyà náà sí Cat5e.

Bó bá jẹ́ òde ni

Lórí speedtest.net, ẹ yan sáfà Èkó, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ tún yan ti London. Bí ti Èkó bá yára tí ti London sì ń wọ́, wáyà abẹ́ òkun ni kẹ́ ẹ fura sí. Ní March 14, 2024, nígbà tí WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bà jẹ́ nítòsí Àbíjàn, kò sí ráútà tí wọ́n tún gbé sípò tó lè wo ìyẹn sàn.

Bí ti Èkó náà bá ń wọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣe gbogbo èyí, ẹ pe 300 lórí síìmù náà. Ẹ ka ohun tó wà nínú ìwé yín fún wọn: ọjọ́, aago, Mbps, RSRP àti SINR. Wọn ò ní lè ní kẹ́ ẹ lọ pa ráútà kẹ́ ẹ tún un tàn. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, torí bí ọjọ́ bá kọjá tí wọn ò ṣe nǹkan kan, òun ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín lórí 622.